Onímọ̀ Ilé àti Ilẹ̀ Nínú Ìgbìmọ̀ Alámòójútó Àjọ Àwọn Akàndá Ẹ̀dá: Ìtọ́sọ́nà Láti Ọjọ́ Ìpè Dé Ọjọ́ Ìfipòsílẹ̀

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ ilé ló máa ń mú kí àjọ àwọn akàndá ẹ̀dá wá onímọ̀ ilé àti ilẹ̀ kàn. Onílé ti fún wọn ní ìwé pé kí wọ́n kó jáde, tàbí ẹnìkan ta wọ́n lọ́rẹ ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ kò pé, tàbí owó tí wọ́n ti ń tù jọ láti ọjọ́ pípẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra ilé kékeré kan. Wọ́n á wá sí ọ́fíìsì yín, ẹ ó ràn wọ́n lọ́wọ́, kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò fi bẹ̀ yín pé kí ẹ wá jókòó nínú ìgbìmọ̀ alámòójútó àwọn, èyí tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí bọ́ọ̀dù àwọn trustee. Estate surveyor ni èmi tí mo ń kọ èyí, irú ìpè bẹ́ẹ̀ ló sì gbé mi dé ìdí iṣẹ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ṣe ń ṣe é ní Nàìjíríà níbí, kí ẹni tí wọ́n bá pè lónìí má baà kọ́ ọ nípa àṣìṣe bí mo ṣe kọ́ apá kan nínú rẹ̀.

Ohun méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń ka gbogbo èyí. Ìmọ̀ yín nípa ilé wúlò fún àjọ náà gidigidi, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lo ilé ló mọ̀ bóyá ilé náà ṣeé lò. Èkejì ni pé ọjọ́ tí ìmọ̀ yẹn bá di ọjà tí ẹ ń tà fún àjọ tí ẹ ń mójú tó, ẹ ti ń rìn létí ọ̀gbun.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka ìwé àjọ náà kí ẹ tó dáhùn

Apá F nínú òfin ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí CAMA, ti ọdún 2020, ló ń darí irú àjọ yìí. Nígbà tí àjọ kan bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀, àwọn alámòójútó rẹ̀ lápapọ̀ di ẹ̀dá kan lójú òfin: ẹ̀dá yìí lè ra ilẹ̀, ó lè ta ilẹ̀, ó lè pe ẹjọ́, wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́, ikú ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì lè fi òpin sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ inú ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe ẹni àpọ́nlé tí wọ́n kàn ń tẹ orúkọ rẹ̀ sórí lẹ́tà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló di ohun ìní àjọ mú lọ́wọ́.

Ẹ béèrè fún ìwé òfin àjọ, ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀, àkọsílẹ̀ owó ọdún mẹ́ta tó kọjá, àti ẹ̀rí pé wọ́n ń fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC, èyí tí òfin ní kó máa wáyé láàárín ọjọ́ 30 oṣù kẹfà àti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń dènà fífi owó èrú pamọ́, nítorí báǹkì kì í sábà ṣí àkáǹtì fún irú àjọ bẹ́ẹ̀ láìrí ìwé náà. Ẹ wádìí ara yín náà: lára àwọn tí òfin kò gbà láyè ni ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti kéde pé ó wọko gbèsè tí wọn kò sì tíì dá sílẹ̀, àti ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ẹ̀sùn jìbìtì tàbí àìṣòótọ́ láàárín ọdún 5 tó ṣáájú.

Bí ìwé wọn bá dàrú, kò túmọ̀ sí pé kí ẹ kọ̀. Ọ̀pọ̀ irú àjọ yìí ni kò lówó tí yóò fi gba akọ̀wé. Ohun tí ẹ ó máa wò ni bóyá wọ́n fi gbogbo rẹ̀ hàn yín láì fi nǹkan kan pamọ́. Àjọ tí olùdásílẹ̀ rẹ̀ bá ní kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nígbà tí ẹ béèrè ìwé ilẹ̀, mi ò ní gbà yín níyànjú láti fi orúkọ yín sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ àwọn tó ni ọ̀rọ̀

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹ ka iye àwọn akàndá ẹ̀dá tó wà nínú ìgbìmọ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ọ̀rọ̀ wọn ń mú nǹkan yí padà tàbí wọ́n kàn ń ya fọ́tò pẹ̀lú wọn. Bí ó bá jẹ́ pé àwa tí ara wa dá ṣáṣá la pọ̀ jù níbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ipò yín lè ṣe ni láti tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tí yóò kàn láti wọlé lẹ́yìn yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn ṣe kókó. Àwọn kan fẹ́ kí á pe àwọn ní akàndá ẹ̀dá, àwọn mìíràn yan ẹni tó ní ìpèníjà ara, àwọn adití kan á sì sọ fún yín gbangba pé adití ni àwọn, àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ mìíràn bò ó. Láyé àtijọ́, ẹni òòṣà ni wọ́n ń pe àfín àti abuké nítorí Ọbàtálá, ọ̀wọ̀ sì wà nínú orúkọ náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì lo èyí tí wọ́n bá yàn.

Ẹ tún kọ́ bí ìpàdé ṣe ń gba gbogbo ènìyàn. Ní ìpàdé kan tí mo wà, iná mọ̀nàmọ́ná lọ ní nǹkan bí aago méje alẹ́. A ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ nínú òkùnkùn, nítorí àwa tí etí wa ń gbọ́ kò rí ìdí tí a fi ní láti dúró. Ó tó ìṣẹ́jú bíi márùn-ún kí ẹnìkan tó tan iná fóònù rẹ̀ sí ọwọ́ ògbufọ̀ tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn adití, ìgbà yẹn la tó rí i pé àwọn méjì láàárín wa ti jókòó láìmọ ohun tí à ń sọ, tí a sì ti fẹnu kò lórí owó ilé láìsí wọn níbẹ̀. A padà sórí ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìpinnu tí a wá ṣe lẹ́yìn náà kò sì bá ti àkọ́kọ́ mu, torí àwọn méjèèjì mọ̀ nípa onílé yẹn ohun tí àwa kò mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni àtùpà tí a ń fi iná sí ti wà lára ẹrù ìpàdé wa.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìwé rí. Bí ẹ bá ya fọ́tò ìwé àdéhùn tí ẹ sì jù ú sórí WhatsApp, fóònù tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún afọ́jú kò ní rí ju àwòrán lọ nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìpàdé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ya iṣẹ́ yín sọ́tọ̀ kúrò lára ipò yín

Ibí yìí ni ẹni wa púpọ̀ ti ń ṣìnà, láìní èrò ibi kankan lọ́kàn. Àjọ ń wá ilé, ẹ sì ní oníbàárà tó ní ilé. Ẹ̀yin ló ń mójú tó ilé náà, onílé ni yóò san owó yín, àjọ náà yóò sì rí ilé gbà. Ó dà bíi pé gbogbo ènìyàn ló jèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá jókòó sídìí tábìlì ìgbìmọ̀ láti sọ iye tó yẹ kí àjọ san, ta ni ẹ ń ṣojú fún?

Òfin CAMA sọ ọ́ pé owó àti ohun ìní àjọ kò gbọdọ̀ wà fún ohun mìíràn ju iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ di èrè tí ọmọ ẹgbẹ́ ń pín. Ó fi àyè sílẹ̀ fún owó tó bójú mu fún iṣẹ́ tí ẹnìkan ṣe ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí àjọ tún gba ipò olówó oṣù níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi le ju ti òfin lọ: ẹ má gba owó ẹ̀jẹ́ǹtì kankan lórí ilé tí àjọ yín gbà, rà tàbí tà, ìbáà jẹ́ láti ọwọ́ àjọ tàbí láti ọwọ́ ẹni kejì. Ẹ má sì gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀rẹ́ kí ó wá pín nínú rẹ̀ fún yín lábẹ́lẹ̀.

Bí ọ̀ràn kan bá kan oníbàárà yín, ẹbí yín tàbí ọ́fíìsì yín, ẹ sọ ọ́ jáde kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, ẹ dìde kúrò nínú yàrá nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìpinnu. Kí ẹ dìde ni mo wí, nítorí bí ẹ bá jókòó láì sọ̀rọ̀, ojú yín á máa sọ̀rọ̀. Fún ìdíyelé ilé tí àjọ fẹ́ rà tàbí tà, ẹ jẹ́ kí estate surveyor mìíràn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ wa sílẹ̀, tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú yín, kọ ìwé náà. Iṣẹ́ tiyín ni láti ka ohun tó kọ kí ẹ sì mọ ìbéèrè tó yẹ kí á bi í, èyí tí àwọn yòókù nínú ìgbìmọ̀ lè má mọ̀.

Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ohun tí ẹ bá sọ nípa ilẹ̀ ni wọn yóò tẹ̀lé, nítorí ẹ̀yin ni onímọ̀ láàárín wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tí ìmọ̀ yín mọ. Ẹni tó ń díyelé ilé kì í ṣe sáféyọ̀ tó ń ri pílà mọ́lẹ̀, kì í sì í ṣe lọ́yà, ó sì yẹ kí àwọn ará ìgbìmọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ tú àpò ìwé ilẹ̀ palẹ̀

Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ṣe ìwé kan tí yóò ní gbogbo ilé àti ilẹ̀ tí àjọ ń lò: orúkọ ta ló wà lórí ìwé, irú ìwé wo ni, níbo ni ojúlówó rẹ̀ wà, ìgbà wo ni ilé àyálò yóò parí. Ohun tí ẹ ó sábà rí ni pé orúkọ olùdásílẹ̀ ló wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi owó ìtọrẹ rà. Olóòótọ́ lè ni olùdásílẹ̀ náà o, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá kú, ìwé yẹn ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò mú jáde, wọn kò sì ní ṣèké bí wọ́n bá sọ pé orúkọ bàbá àwọn ló wà níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bá a sọ ọ́ nígbà tó wà láàyè, kí a gbé ohun ìní náà bọ́ sórúkọ tí àjọ fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC.

Gbígbé e bẹ́ẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀. Lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí kò lè gbé e fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ gómìnà, nítorí náà ẹ fi ìnáwó àṣẹ náà sínú ètò. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà tó ń ṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èyí tí olórí ẹbí kò bá sí nínú rẹ̀, òfo ni lójú òfin, èyí tí òun nìkan bá sì tà láìsí àwọn àgbà yòókù, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé e. Ilẹ̀ ọ̀fẹ́ náà kò yọ sílẹ̀. Ẹ lọ wo àkọsílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ ìpínlẹ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ibẹ̀, kí inú tó dùn. Mo ti rí ilẹ̀ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ pé ọ̀nà omi ni, tí àjọ ì bá ná owó tó pọ̀ lé lórí kí àgbàrá tó kó o lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ rin inú ilé pẹ̀lú àwọn tí yóò lò ó

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sùúrù kà jù. Nígbà kan, mo wá ilé kan fún àjọ, mo sì fi ọkàn balẹ̀ sọ fún ìgbìmọ̀ pé ilé náà dára: ìsàlẹ̀ ni, títì kò jìnnà, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ wa kan tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ bá mi lọ wò ó. Ó dé ẹnu géètì, ó dúró. Gọ́tà wà níwájú ilé, pákó méjì ni wọ́n sì fi dábùú rẹ̀, tí àyè tó ṣẹ́ kù láàárín wọn gba táyà kékeré iwájú àga rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo ti gba orí pákó náà kọjá ní ìgbà mẹ́ta láì rí i. A kò tíì wọ inú ọgbà tí mo fi mọ̀ pé ìròyìn tí mo kọ kò pé.

Láti ìgbà náà, báyìí ni mo ṣe ń ṣe é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọkọ̀ ti máa ń já èrò sílẹ̀, kì í ṣe láti ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹ mú téèpù ìwọnlẹ̀ dání, kí ẹ sì ní ó kéré tán ẹni tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ kan àti afọ́jú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣáájú.

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ka àtẹ̀gùn. Ìwọ̀n tí a sábà ń lò fún ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga oníkẹ̀kẹ́ yóò gbà ni pé bí ó bá ga ní ìwọ̀n kan, kí ó gùn ní ìlọ́po 12 rẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45. Ọ̀nà tí yóò rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 5.4, láì tíì ka ibi pẹrẹsẹ tí ẹni tó ń lò ó yóò ti yí padà, èyí tó yẹ kó tó mítà 1.5 níbùú lóròó. Púpọ̀ nínú ilé wa ni kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ níwájú, ohun tí àwọn bíríkìlà sì máa ń ṣe ni pé kí wọ́n da kọnkéré lé àtẹ̀gùn náà bí ó ti wà. Ó máa ń ga débi pé ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ lè dà sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má kà á sí ọ̀nà.

Ilẹ̀kùn ló kàn. Àyè ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ ni wọ́n sábà ń fi sílẹ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí a bá sì yọ férémù kúrò, ohun tó kù kò ju sẹ̀ǹtímítà 66 tàbí díẹ̀ lé lọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ àga oníkẹ̀kẹ́ fẹ̀ tó 65 sí 70. Ọwọ́ ẹni tó ń tì í náà sì nílò àyè, nítorí náà ẹ máa wá 80 ó kéré tán. Ẹ wo ìhà tí ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí: èyí tó bá ń ṣí sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tóóró kò ní ṣeé tì mọ́ ara ẹni bí àga bá ti wọlé. Kí ẹnikẹ́ni máa ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ní ilẹ̀kùn ṣíṣí ní ọ́fíìsì àjọ tirẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ìgbìmọ̀ kankan fàyè gbà.

Ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Bí ó bá wà lójú ọ̀nà àbákọjá, afọ́jú yóò kọlù ú, ariwo rẹ̀ yóò sì bo ìró tí ó fi ń mọ ibi tó wà mọ́lẹ̀. Ẹ béèrè nípa òjò lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, kì í ṣe lọ́wọ́ onílé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò yẹ ní ti wa níbí, kódà bí ẹ̀rọ agbénigòkè bá wà, nítorí iná tó lọ nígbà tí ẹnìkan wà lókè ti sọ ibẹ̀ di àhámọ́ fún un.

Òfin wà lẹ́yìn yín nínú èyí. Òfin tó lòdì sí fífi ọwọ́ rọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá sẹ́yìn, ti ọdún 2018, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe, ọdún 5 náà sì ti pé láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2011, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ LASODA tó ń mójú tó o. Àjọ tí ilé tirẹ̀ kò ṣeé wọ̀ kò ní ẹnu láti fi bá ilé-ìfowópamọ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àdéhùn pẹ̀lú onílé, àti owó

Kí àjọ tó fọwọ́ sí ìwé àyálégbé, ẹ rí i pé ó wà nínú rẹ̀ kedere pé onílé gbà kí a ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí a fẹ ilẹ̀kùn, kí a sì fi irin ìdìmú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti ẹni tí yóò san owó bí onílé bá fẹ́ kí a tú wọn nígbà tí àjọ bá ń lọ. Ẹ tún gbìyànjú láti gba ọdún tó pọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú iye owó tí a ti sọ sílẹ̀, torí kò mọ́gbọ́n dání kí àjọ tún ilé ṣe tán kí wọ́n sì fi owó ilé lé e jáde lọ́dún kejì. Bí onílé bá sọ pé òun kò fẹ́ àwọn akàndá ẹ̀dá nílé òun, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé òfin 2018 ka ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀: ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí méjèèjì fún ẹnìkan ṣoṣo, ₦1,000,000 fún ilé-iṣẹ́.

Lórí owó, ó kúrú. Ẹ gba iye owó láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ mẹ́ta fún àtúnṣe ńlá, kí bíríkìlà tí ẹ ń lò ní ọ́fíìsì yín má sì wà lára wọn. Ẹ ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ lọ́dọọdún. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi owó ní kéèṣì ra ilẹ̀: òfin ọdún 2022 tó ń dènà fífi owó èrú pamọ́ kò gbà kí ilé-iṣẹ́ san ju ₦10 mílíọ̀nù lọ lówó ní kéèṣì, báǹkì ni kí ó gbà kọjá.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ẹ ó bá fi ipò sílẹ̀

Láti ọdún kejì ni kí ẹ ti máa kọ́ ẹlòmíràn nínú ìgbìmọ̀ ní bí a ti ń ka ìwé ilẹ̀, pàápàá ọ̀kan nínú àwọn akàndá ẹ̀dá. Nígbà tí àkókò yín bá pé, ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sì rí i pé wọ́n fi ìyípadà náà tó CAC létí, nítorí bí orúkọ yín bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ ṣì ń dáhùn fún ohun tí ẹ kò mọ̀ mọ́. Gbogbo ojúlówó ìwé tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì yín, pílánì sáfè, rísíìtì, ìwé àdéhùn, kọ́kọ́rọ́ géètì, ẹ kó wọn dé ibi ìpàdé, ẹ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo wọn, kí ẹni tó gbà wọ́n sì buwọ́ lù ú tàbí kó tẹ̀ka. Ẹ ka àkòrí ìwé kọ̀ọ̀kan sókè ketekete, kí ẹni tí kò rí i lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.